Àwọn Àpótí Tó Ń Sùn ní Ilé Àjàgbé

Bí àlejò bá wọ Òṣogbo, tó sì ṣe kòńgẹ́ Alhaji Zulkifli Àjàgbé ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, kò ní í tíì fi omi tútù kan ọ̀nà ọ̀fun kí Alhaji tó fà á lápá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ wo iná. Kì í ṣe iná ìdáná o. Iná kéékèèké ni, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ń ṣẹ́jú lára àwọn àpótí irin tí a tò láti ilẹ̀ títí kan àjà. Inú àwọn àpótí yìí ni àwọn dísìkì wà, àwo tó ń yí tí kọ̀ǹpútà fi ń pa nǹkan mọ́, àwọn dísìkì náà sì ni iṣẹ́ Alhaji. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn ayàwòrán, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn pamọ́ sí, kó má baà di pé kọ̀ǹpútà tiwọn bàjẹ́ lọ́jọ́ kan kí wọ́n wá káwọ́ lérí. Alhaji á dúró láàárín yàrá náà, á ní kí àlejò dákẹ́ kó gbọ́ bí gbogbo wọn ti ń hùn, á wá bi í pé ṣé kò dà bí ìgbà tí ọjà bá kún. Àlejò tó bá gbọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má bá a wí. Inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n bí i sí. Ilé tí àwọn àpótí yìí wà gan-an, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni, Alhaji Mukhtar, ẹni tó ta aṣọ níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá náà kì í fi aṣọ sílẹ̀ ní kíká. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á ṣí gbogbo fèrèsé, á tú gbogbo aṣọ orí pẹpẹ, á gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún wọn ká lọ́nà mìíràn, nítorí aṣọ tó bá pẹ́ ní kíká, ojú ìká ni yóò ti ya, kòkòrò á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Zulkifli ló máa ń bá a di etí kejì mú, àní lẹ́yìn tí òun náà ti di onílé olóde. Nígbà tí àìsàn wá dá bàbá gúnlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀, pé kó má jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọjà aṣọ kú, ilẹ̀kùn kò tì. Alhaji kó aṣọ kúrò, ó kó àpótí wọlé, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé aṣọ náà ló ṣì ń tà.

Ohun tó wá fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà ni ọ̀rọ̀ iná. Àwọn àpótí Alhaji kì í sinmi. Ohun tí kò bá sinmi a máa gbóná, ohun tó bá sì gbóná, àfi kí ẹ̀rọ amúlétutù máa fẹ́ ẹ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ amúlétutù náà kò sì jẹ iná díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ so kọ́ tiransifọ́mà kan ṣoṣo tí àdúgbò jọ ń lò. Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú, fáànù àwọn ará àdúgbò ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, gílóòbù pọ́n, omi obìnrin tó ń ta omi tútù ní ìkóríta kò dì mọ́. Àwọn oníná wá, wọ́n gun òpó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ẹnu kò gba ìròyìn: ilé Àjàgbé nìkan ń jẹ tó gbogbo ilé yòókù, tiransifọ́mà náà kò sì ní í pẹ́ jó. Alhaji ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan láti fi tu àdúgbò lójú. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìpè ìrun mọ́, èéfín rẹ̀ sì ń ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́. Ìyẹn ló wá mú ọ̀rọ̀ dé ìpàdé àwọn onílé.

Bàbá Ọdúntán ni alága àwọn onílé, ọ̀rẹ́ bàbá Alhaji sì ni tẹ́lẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó ní bí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá pé tí àdúgbò kò rí ìtura, àwọn yóò ní kí àwọn oníná já wáyà ilé Àjàgbé kúrò. Alhaji mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí wọ́n ti ń wá ojú rẹ̀ tipẹ́, pé kó kó gbogbo ẹ̀dà náà fún àwọn, kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó lọ sinmi. Bí wáyà bá já, kò ní í sí ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ náà, kò fi yàrá ẹ̀yìn han ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, Tómilọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó kàwé, ó mọṣẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pa ènìyàn lára. Òun náà kò fẹ́ Èkó, nítorí pé ìyá rẹ̀ tó ń ta obì wà ní Iléṣà, kò sì sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kì í lọ wò ó. Ó wá bá Alhaji, ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀dà tí àwọn tọ́jú, díẹ̀ báyìí ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Ìyókù wà níbẹ̀ de ọjọ́ aburú ni. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti ọdún mẹ́ta, kí ló dé tí dísìkì rẹ̀ fi ń yí? Ẹ jẹ́ kí òun kó irú wọn sí àpótí tiwọn, kí àwọn dísìkì náà máa sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á jí, wọ́n á jẹ́ ìpè, wọ́n á tún sùn. Ohun tó bá ń sùn kì í gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù á sinmi, pánẹ́ẹ̀lì sólà tó wà lórí ilé á sì lè gbé èyí tó kù.

Alhaji mirí. Ó ní ohun tí kò bá ṣẹ́jú, òkú ni, ṣé òkú ni kí òun máa fi han àlejò? Ó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹlẹ́fẹ̀ ni, pàápàá bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. Ó ní ṣebí ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ ò rídìí ìṣáná, tẹ́ ẹ máa ń ti ilé múná roko, ìgbà wo lẹ di ẹni tó ń pa iná?

Tómilọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó ń múná roko kì í fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà, Bàbá,” ló wí. “Eérú ló fi ń bò ó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alhaji lára. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbà pé kó gbìyànjú rẹ̀ wò títí di ọjọ́ ìpàdé.

Ọmọ náà ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń lé nǹkan. Nígbà tó parí, ó pe Alhaji wọ yàrá. Òkùnkùn ló kọ́kọ́ rí. Ìlà àpótí kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lẹ́bàá ilẹ̀kùn, gbogbo ìyókù dúró jẹ́ẹ́, kò sí ìhùn, kò sí ìmí. Tómilọ́lá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ìyìn. Alhaji ní ó kú iṣẹ́, ó jáde, ó sì dé ilé kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Àdíját, bi í pé ta ló kú. Ó ní kò sí ẹni tó kú, inṣá Allah.

Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Gbogbo òru ló ń rò ó pé bí àwọn dísìkì yẹn bá ti lọ pátápátá ńkọ́? Ìwé ìbí ọmọ ọlọ́mọ, èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ, àwòrán àwọn tó ti di olóògbé, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ilé. Ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ojú ìwé kan láti inú àpótí àkọ́kọ́. Ó dákẹ́, ó ń retí. Àpótí náà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, iná rẹ̀ sì là. Orúkọ ọmọ kan tí wọ́n bí ní Iperindo yọ lójú kọ̀ǹpútà. Inú Alhaji dùn, ó ní ẹ káàárọ̀ o. Ó bọ́ sí àpótí kejì, ó tún jí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kan ògiri, ó kí wọn tán, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ jẹ ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà. Kò sọ fún Tómilọ́lá, nítorí pé kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó tó sọ. Ta ló ń gbowó lórí ẹ káàárọ̀?

Nígbà tí ìpàdé ń sún mọ́lé, Alhaji rò ó pé ẹni tó ń lọ bẹ àgbà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí Tómilọ́lá mú òun lọ bá ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, kí òun ra gbànja tó dára. Ìyá Tómilọ́lá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní “Ẹ káàbọ̀ sí ulé wa, Alhaji,” ó sì mú un lọ sí yàrá tútù tí àwọn apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ wà. Gbogbo wọn ni wọ́n fi ewé tútù tẹ́ nínú, tí wọ́n tún fi ewé bò lókè, tí wọ́n sì dì pinpin. Alhaji, bí ìṣe ọlọ́jà aṣọ, na ọwọ́ láti tú èyí tó sún mọ́ ọn wò. Ìyá náà rọra gba ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó mú apẹ̀rẹ̀ kan tó ti yẹ̀ wò lánàá, ó bu díẹ̀ hàn án: obì náà tutù, ó ń dán, ó sì dún pẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n là á. Ó dì í padà.

Ó sọ fún un pé, “Obì ò fẹ́ afẹ́fẹ́ o, pàápàá afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa lò ó ni kẹ́ ẹ ṣí i.”

Alhaji mirí wọ̀ìwọ̀ì pé òun gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú orí mímì bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti kí àwọn àpótí rẹ̀ tán láàárọ̀, á kọjá sí ibi tí apẹ̀rẹ̀ obì wà, á tú ewé, á gbé obì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi etí aṣọ nù ún, á tún un tò. Ó ní òun kò fẹ́ kí kòkòrò bá a. Àdíját rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ní kó má ṣí i ni? Alhaji ní kí ló mọ̀ nípa títọ́jú ọjà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n bí òun sí.

Láàárín gbogbo èyí, orí Tómilọ́lá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Láràárọ̀ ló ń wo mítà, láràárọ̀ ni mítà ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Iná tí ilé Àjàgbé ń jẹ kò dín. Ìgbà mìíràn ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí pé dísìkì tó bá ń ti ojú oorun dìde ń fa iná ju èyí tó ti ń yí lọ́wọ́, bó bá sì ti jí, kì í tètè tún sùn. Ó wo inú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé nǹkan kan ń jí gbogbo àpótí láàárọ̀ kùtùkùtù, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ ló fi wọlé, orúkọ kan náà tí ẹ̀rọ fi ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ó rò pé ẹ̀rọ ló ń ya wèrè. Ó tún gbogbo ètò tò, ó dúró dé ọjọ́ kejì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ tún fi lélẹ̀. Ó ṣàròyé fún Alhaji, Alhaji bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni àwọn onílé péjọ sí iwájú ilé Bàbá Ọdúntán, ojú gbogbo wọn le, nítorí pé iná tún ti fi wọ́n sínú ooru lọ́jọ́ náà. Alhaji wọ agbádá funfun, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó kí wọn tilétilé. Tómilọ́lá dìde láti jábọ̀. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ohun tí òun rò pé yóò dín kò dín, òun kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀, òun ló kù díẹ̀ káàtó fún, kì í ṣe Alhaji. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji, ó sì tún ń ro ti ara rẹ̀, pé ó ti parí nìyẹn, ilẹ̀kùn bàbá òun yóò tì lójú ayé òun.

Bàbá Ọdúntán ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ obì kí àwọn tó sọ èyí tó le. Alhaji tú ewé. Obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà ti hunjọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bàbá Ọdúntán mú ọ̀kan, ó fẹ́ là á, kò là. Ó fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ gbìyànjú, ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó wò ó.

“Zulkifli,” ó ní, “obì rèé àbí èèpo igi?”

Àwọn onílé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí Alhaji. Tómilọ́lá dìde, ó mú ọ̀kan, ó yí i lọ́wọ́. Ọmọ olóbì ni, ojú kan péré ti tó o.

“Màámi kò lè fún yín ní èyí, Bàbá. Ṣé ẹ̀ ń ṣí i ni?”

“Mo kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, kí kòkòrò má baà bá a,” ni Alhaji wí. “Láràárọ̀. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe aṣọ.”

“Lẹ́yìn àsùbáà?”

“Lẹ́yìn àsùbáà.”

Tómilọ́lá wo obì ọwọ́ rẹ̀, ó wo Alhaji, ó tún wo obì. Nígbà tó yá, ó bi í, jẹ́jẹ́, pé àwọn dísìkì ńkọ́.

Alhaji wo ilẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà tó yé òun fúnra rẹ̀, ojú sì tì í débi tí òógùn fi bò ó nínú agbádá.

“Mo kàn ń kí wọn ni,” ó wí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí n kò bá jí wọn, wọn ò ní í jí mọ́.”

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà yà wá wò ó. Ẹnìkan ní Alhaji ń kí irin káàárọ̀. Ẹlòmíràn bi í pé ṣé wọ́n ń dá a lóhùn. Obìnrin olómi tútù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tó ṣe, Alhaji náà kò lè mú un mọ́ra, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀rín nìkan ló fà á. Bàbá Ọdúntán nu ojú tirẹ̀. Ó ní òun rántí bí Mukhtar ti máa ń gbọn aṣọ láàárọ̀, tí eruku rẹ̀ á máa bọ́ sínú ẹ̀kọ òun. Ó ní ṣùgbọ́n aṣọ ni Mukhtar ń tà.

“Aṣọ ń fẹ́ ká máa tú òun wò,” ni Tómilọ́lá wí, ó gbé obì tó hunjọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ Alhaji. “Obì ń fẹ́ ká bo òun. Bàbá, ọmọ ìyá obì ni àwọn dísìkì yìí.”

Wọ́n fún un ní oṣù kan sí i, nítorí ẹ̀rín náà ju nítorí ohunkóhun lọ. Kí wọ́n tó túká, Alhaji yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn kúrò lápò, ó kó o fún Tómilọ́lá lójú gbogbo ayé. Ó ní kó má dá a padà fún òun, àní bí òun bá kúnlẹ̀. Tómilọ́lá ṣèlérí pé òun á máa jí àwọn àpótí náà láti ìgbà dé ìgbà, ní mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, bí màmá òun ti máa ń yẹ apẹ̀rẹ̀ obì wò, kí ọkàn Alhaji lè balẹ̀. Kì í ṣe láràárọ̀.

Oṣù náà kò tíì dé àárín tí fáànù fi ń pariwo lójúlé dé ojúlé. Omi olómi tútù dì gbagidi, ó tilẹ̀ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Alhaji lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adìẹ aládùúgbò kan sì lọ yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀, Alhaji náà ń yọ̀, àfi láàárọ̀ lẹ́yìn àsùbáà, nígbà tó bá kọjá níwájú ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Àyà rẹ̀ ṣì ń já. Gbígbà lẹ́nu yàtọ̀ sí gbígbà lọ́kàn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ṣú lọ́sàn-án kan, ó sì dé pẹ̀lú àrá. Iná ìlú lọ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀. Bátìrì sólà nìkan ló kù tó ń gbé ilé Àjàgbé. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí fóònù Tómilọ́lá fi dún. Mátírọ́ọ̀nù Dúrósinmí ni, tó ní ilé ìgbẹ̀bí ní Ẹ̀sà-Òkè, ó ń yára sọ̀rọ̀. Àrá ti ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aboyún kan dé, Tiwalọlá ni orúkọ rẹ̀, ó ti ń rọbí, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ òun náà ló bímọ sí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, òun rántí pé abẹ́rẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà náà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wo? Òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Alhaji ni ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Tómilọ́lá wá orúkọ náà. Ó wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn tó ti pẹ́ jù lọ lójú oorun. Ó pè é. Ojú kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n dúró.

Alhaji ti wọ yàrá náà kò mọ ìgbà tí òun wọlé. Ó dúró nínú òkùnkùn, òjò ń lu páànù lókè, àwọn tó ń ṣẹ́jú lẹ́bàá ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí iná kankan níwájú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, irú ẹ̀rù tí kò bà á rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ jáde nílé náà. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lu àpótí náà, ó kó o sínú àpò. Ó ní bismillahi.

Àpótí náà mí kanlẹ̀. Ó hùn, bíńtín, lábẹ́ ariwo òjò. Iná kan ṣoṣo là nísàlẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, Tómilọ́lá sì ti ń ka orúkọ abẹ́rẹ́ náà sínú fóònù, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó ní kí wọ́n má gún un o, kí wọ́n má gún un. Lódìkejì, Mátírọ́ọ̀nù ní òun gbọ́. Alhaji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Tómilọ́lá jókòó tì í, ó fi ìka hàn án lójú kọ̀ǹpútà pé bátìrì ṣì kún dáadáa. Ó ní bí gbogbo àwọn àpótí bá ń ṣẹ́jú bíi ti àtijọ́ ni, bátìrì ì bá ti kú kí Mátírọ́ọ̀nù tó pè. Alhaji ń wo iná kan ṣoṣo yẹn títí dísìkì fi tún sùn, kò sì bà á lẹ́rù nígbà tó kú.

Kí àkókò mọ̀ríbì tó tó, fóònù tún dún. Ọkùnrin ni Tiwalọlá bí, tìyá tọmọ wà láyọ̀. Òjò kò sì tíì dá, wọ́n kò ní láti wá orúkọ jìnnà. Béjidé ni wọ́n pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tómilọ́lá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí Alhaji, ó ní ó ti tó fi lé e lọ́wọ́ báyìí. Àsùbáà ti parí. Alhaji mú kọ́kọ́rọ́ náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi í sí ojú ihò, ó dúró. Kò gbọ́ ìhùn, kò sì retí rẹ̀. Ó sún ẹnu mọ́ ilẹ̀kùn.

“Ẹ máa sùn o,” ó wí.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò. Ó wá lọ sí iwájú ilé, síbi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lé lórí, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ gbànja tuntun tí ìyá Tómilọ́lá fi ránṣẹ́ láti Iléṣà wà lábẹ́ àga náà, wọ́n dì í pinpin. Alhaji jókòó sórí àga náà, kò sì tú apẹ̀rẹ̀ náà.